ÌTÀN ÌGBÉSÍ AYÉ THOMAS ANDREW DORSEY, BÀBÁ ORIN ÌHÌNRERE (1899–1993)

  

Nínú ìwé àjọ̀dún tọ̀tẹ̀ yìí, a ní kí a sọ ìtàn kan tí yóò wúlò fún àwọn akọrin wa, àti fún gbogbo ìjọ pẹ̀lú. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti darí ẹgbẹ́ akọrin rí, ìbáà ṣe fún oṣù mẹ́ta péré, yóò jẹ́rìí sí i pé iṣẹ́ náà kì í ṣe eré rárá. Orin tí a fi ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kọ́ lè dàrú lójú gbogbo ìjọ. Ẹni tí a gbójú lé fún ohùn òkè lè má yọjú. Onílù lè pẹ́ dé, iná lè lọ, ẹ̀rọ gbohùngbohùn lè máa hu bí ajá. Àwọn wọ̀nyí kéré, a ó rẹ́rìn-ín sí i tó bá yá. Èyí tó ṣòro ni ìgbà tí láburú bá ṣẹlẹ̀ sí ọ̀gá akọrin fúnra rẹ̀, tí ọjọ́ Ìsinmi sì tún dé, tí gbogbo ojú ń wò ó pé kó dá orin ìyìn. Kí ni yóò dá? Ẹnu wo ni yóò fi dá a?

Ọkùnrin tí a ń sọ ìtàn rẹ̀ yìí bá ìbéèrè náà pàdé ní oṣù kẹjọ ọdún 1932. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí ó ti sùn, ṣùgbọ́n kò sí ibi tí wọ́n ti ń kọ orin ìhìnrere lónìí tí ọwọ́ rẹ̀ kò sí níbẹ̀.

ÌBÍ ÀTI ÌGBÀ ÈWE RẸ̀

A bí Thomas Andrew Dorsey ní ọjọ́ kìíní oṣù keje ọdún 1899, ní ìlú kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Villa Rica, ní ìpínlẹ̀ Georgia, ní gúúsù ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Aláwọ̀ dúdú ni bàbá àti ìyá rẹ̀. Nígbà tí a bí i, kò tíì pé ọdún 35 tí wọ́n dá àwọn ẹrú sílẹ̀ ní ilẹ̀ náà. Oníwàásù ni bàbá rẹ̀, ṣùgbọ́n ìwàásù nìkan kò lè bọ́ ilé, nítorí náà ó tún ń dáko lórí ilẹ̀ onílẹ̀. Ìyá rẹ̀, Etta, a máa tẹ dùùrù fún ìsìn. Ẹ̀gbẹ́ ìyá yìí ni ọmọ náà wà tí ohùn dùùrù fi wọ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.

Nígbà tí ó tó bí ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, àìní lé gbogbo wọn dé ìlú ńlá Atlanta. Wọ́n rò pé ara yóò dẹ̀ wọ́n níbẹ̀, àmọ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ilé-ìwé, wọ́n dá Thomas padà sí kíláàsì ìsàlẹ̀. Ojú tì í, kò sì pẹ́ tí ó fi ilé-ìwé sílẹ̀ pátápátá. Ó ń ta mínírà nínú ilé ìṣeré kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ 81 Theatre. Bó ṣe ń ta mínírà ni ó ń ṣọ́ ọwọ́ àwọn tí ń tẹ dùùrù fún àwọn eléré. Ohun tí wọ́n bá tẹ̀ lálẹ́, yóò lọ dán an wò. Báyìí ni ó ṣe di atẹdùùrù.

Ní ọdún 1916, nígbà tí ó di ọmọ ọdún 17, ó gba òkè lọ sí Chicago, bí ọ̀pọ̀ ènìyàn dúdú ti ń ṣe nígbà náà, tí wọ́n ń sá kúrò ní gúúsù lọ wá iṣẹ́ àti ìfọ̀kànbalẹ̀. Ilé ọtí àti àríyá alẹ́ ni ó ti ń rí owó. Orin ayé tí wọ́n ń pè ní blues ni ó ń tẹ̀, orin tí àwọn ènìyàn dúdú fi ń sọ ìnira ọkàn wọn. Ó mọ̀ ọ́n tẹ̀ dáadáa.

ẸSẸ̀ KAN NÍNÚ ILÉ ỌLỌ́RUN, ẸSẸ̀ KAN NÍTA

Ní 1921, àwọn ìjọ Onítẹ̀bọmi ti àwọn ènìyàn dúdú ṣe ìpàdé àpapọ̀ wọn ní Chicago. Dorsey lọ síbẹ̀, ó sì gbọ́ tí ọkùnrin kan tí ń jẹ́ W. M. Nix ń kọrin. Orin náà gún un lọ́kàn. Ó fi ọkàn rẹ̀ fún Olúwa, wọ́n sì fi í ṣe olùdarí orin ní ìjọ New Hope. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a sọ òótọ́: owó tó wà nínú iṣẹ́ ìjọ kò tó nǹkan, ó sì tún padà sídìí orin ayé. Ní 1924 ó ń tẹ dùùrù tẹ̀lé Ma Rainey, gbajúmọ̀ obìnrin tí wọ́n ń pè ní ìyá orin blues. Ní 1925 ó gbé Nettie Harper níyàwó. Àkókò yẹn, ó lówó lọ́wọ́, orúkọ rẹ̀ sì ń ròkè.

Ní 1926 ni àìsàn wọlé. Kì í ṣe ibà, kì í ṣe ikọ́. Àárẹ̀ ọkàn ni. Kò lè tẹ dùùrù, kò lè ṣiṣẹ́, inú rẹ̀ ṣókùnkùn títí ó fi ń ro ikú. Nettie ló dúró tì í. Ní ìgbẹ̀yìn, wọ́n mú un lọ sọ́dọ̀ ìránṣẹ́ Ọlọ́run kan tí ń jẹ́ Bíṣọ́ọ̀bù Haley. Ọkùnrin náà gbàdúrà fún un, ó sì sọ fún un pé Olúwa ní iṣẹ́ púpọ̀ fún un, kì í ṣe ikú ló kàn. Dorsey fúnra rẹ̀ ròyìn lẹ́yìn náà pé ìránṣẹ́ Ọlọ́run yẹn fa ejò ààyè kan jáde lára òun. Ẹ̀yin tí ẹ ti rí iṣẹ́ àdúrà, èyí kò ní jọ yín lójú. Láti ọjọ́ náà ni ara rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í yá.

Nígbà tí aládùúgbò rẹ̀ kan kú lójijì, tí ara òun sì ń le, ó fi ọ̀rọ̀ náà ṣe orin. Orin ìhìnrere gidi ni, ṣùgbọ́n ọwọ́ tí ó fi tẹ blues náà ni ó fi tẹ̀ ẹ́. Ó tẹ orin náà sórí bébà, ó yá owó ra sítáǹbù, ó sì fi 500 ẹ̀dà ránṣẹ́ sí àwọn ìjọ káàkiri. Ó retí, retí, kò gbọ́ nǹkan kan. Ó sọ pé ó gbà tó ọdún mẹ́ta kí ẹnì kan tó ránṣẹ́ wá rà á. Ó tún ń fi ẹsẹ̀ rìn láti ṣọ́ọ̀ṣì dé ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n lé e jáde ní ọ̀pọ̀ ibẹ̀. Àwọn ìjọ ńlá ìgbà náà, orin àwọn òyìnbó Yúróòpù tí a kọ sórí bébà ni wọ́n fẹ́. Kí akọrin dúró ṣánṣán bí ọ̀pá, kó má pàtẹ́wọ́, kó má mi ara. Wọ́n ní orin Dorsey ń rùn bí ilé ọtí.

Ẹ má jẹ́ kí èyí ṣe wá ní kàyéfì. Ní àwọn ọdún yẹn gan-an ni iná ìsọjí ń ràn ní ilẹ̀ tiwa níhìn-ín. Ní 1925 ni Mósè Orímọládé àti Àbíọ́dún Akínsọ̀wọ́n bẹ̀rẹ̀ ẹgbẹ́ Séráfù ní Èkó. Ní 1930 sì ni ogunlọ́gọ̀ ènìyàn rọ́ lọ sí Òkè-Òóyè ní Iléṣà nígbà ìsọjí Joseph Babalọlá. Àwọn bàbá wa náà gbọ́ èébú nítorí ìlù àti àtẹ́wọ́. Wọ́n ní ariwo ni. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí Dorsey ní Chicago kò jìnnà sí tiwa.

Ní tòótọ́, Dorsey rẹ̀wẹ̀sì. Ní 1928, òun àti olórin kan tí ń jẹ́ Tampa Red ṣe àwo orin ayé kan tí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò ṣe é sọ níwájú àwọn ọmọdé. Àwo náà tà gan-an. Ṣé ẹ rí i, orin Olúwa kò mú kọ́bọ̀ wá, orin ayé sì kún àpò. Bí a bá wà ní ipò rẹ̀, kí ni à bá ṣe?

Ìyípadà dé ní 1930. Ìpàdé àpapọ̀ àwọn Onítẹ̀bọmi tún bọ́ sí Chicago, arábìnrin kan, Willie Mae Ford Smith, sì kọ orin Dorsey yẹn níbẹ̀. Àwọn ènìyàn dìde, wọ́n ní kó tún un kọ. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹ̀dà ni ó tà níbẹ̀. Ní 1931, ìjọ Ebenezer ní Chicago pè é pé kí òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀, Theodore Frye, wá dá ẹgbẹ́ akọrin ìhìnrere sílẹ̀. Nígbà tí ó di 1932, ìjọ ńlá kan, Pilgrim, gbà á láti wá darí ẹgbẹ́ tiwọn. Ilẹ̀kùn tí wọ́n tì mọ́ ọn tẹ́lẹ̀ ti ṣí. Nettie sì ti lóyún, oyún náà ti tó bí. Ó dà bí ẹni pé ìyà ti tán.

OṢÙ KẸJỌ ỌDÚN 1932

Ní oṣù kẹjọ ọdún náà, wọ́n pe Dorsey láti wá kọrin ní ìsọjí kan ní ìlú St. Louis, tí ó tó nǹkan bí 300 máìlì sí Chicago. Kò fẹ́ fi Nettie sílẹ̀ nínú irú ipò bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ìsọjí ni, iṣẹ́ Olúwa ni. Ó gbé mọ́tò rẹ̀, ó lọ. Gẹ́gẹ́ bí òun fúnra rẹ̀ ti máa ń sọ ìtàn náà, kò tíì lọ jìnnà tí ó rántí pé òun gbàgbé àpò tí ìwé orin òun wà nínú rẹ̀. Ó padà sílé. Nettie ń sùn. Ó dúró wò ó, ohun kan sì ń sọ nínú rẹ̀ pé kó má lọ mọ́. Ó gbé àpò náà, kò jí ìyàwó rẹ̀, ó tún jáde lọ.

Ní St. Louis, ooru mú gan-an, èrò sì kún. Wọ́n ní kó kọrin, ó kọ. Wọ́n ní kó tún kọ, ó tún kọ. Bí ó ti jókòó pé kí òun sinmi díẹ̀, ọmọkùnrin kan mú wáyà wá fún un. Ó ya á. Ìyàwó rẹ̀ ti kú.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ojú inú wo ibi tí ọkùnrin yìí wà. Gbogbo ilé ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń yọ̀, wọ́n ń kọ orin tí òun gan-an kọ́ wọn. Wáyà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ta ni yóò sọ fún? Ó sáré lọ sídìí tẹlifóònù, ohùn tó gbọ́ láti ilé kò ju pé Nettie ti lọ. Ní ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù kẹjọ ni obìnrin náà kú, níbi ìrọbí.

Nígbà tí ó délé, wọ́n sọ fún un pé ọmọkùnrin ni Nettie bí kí ó tó kú, ọmọ náà sì wà láàyè. Ẹkún àti ayọ̀ pàdé nínú ọkùnrin kan ṣoṣo. Kò mọ èyí tí òun yóò dì mú. Kí ilẹ̀ tó tún ṣú tí ilẹ̀ tún mọ́, ọmọ náà tẹ̀lé ìyá rẹ̀. Nínú pósí kan náà ni wọ́n sin ìyá àti ọmọ.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Dorsey ti ara rẹ̀ mọ́lé. Inú bí i sí Ọlọ́run. A kò fẹ́ fi ọ̀rọ̀ yìí pamọ́, nítorí òun fúnra rẹ̀ kò fi pamọ́ ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀. Ó rò pé Ọlọ́run ti rẹ́ òun jẹ. Kò fẹ́ sin Ín mọ́, kò fẹ́ kọ orin ìhìnrere mọ́. Sídìí orin ayé tí òun mọ̀ dáadáa ni òun yóò padà sí. Ohùn tí ó sọ pé kó má lọ St. Louis tún ń padà wá bá a lóru. Bí mo bá dúró ńkọ́? Ẹni tí irú èyí bá ti ṣẹlẹ̀ sí rí mọ̀ pé ìbéèrè yẹn ń jẹni ju ikú náà lọ.

YÀRÁ TÍ DÙÙRÙ WÀ

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, kò pẹ́ púpọ̀ lẹ́yìn ìsìnkú, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan mú un jáde nílé. Kò wàásù fún un. Kò ní kó ṣọkàn gírí, kò ní ọkùnrin kì í sunkún. Ó kàn mú un lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ Poro, ilé ńlá tí Annie Malone dá sílẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn obìnrin dúdú ní iṣẹ́ ìtọ́jú irun. Yàrá kan wà níbẹ̀ tí dùùrù wà nínú rẹ̀, ibẹ̀ sì dákẹ́ rọ́rọ́. Dorsey jókòó sídìí rẹ̀.

Ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lórí dùùrù. Ohùn orin ìsìn àtijọ́ kan, tí wọ́n ń pè ní Maitland, ni ó ń tẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń fà á, ó ń dá a dúró, ó ń tẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń sunkún, bí ó ti máa ń tẹ orin blues nígbà náà lọ́hùn-ún. Ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ sórí ohùn náà. Ó sọ pé àlàáfíà kan wọ inú òun. Orin tí ó jáde ni Take My Hand, Precious Lord.

Ẹ kíyè sí i pé orin náà kò ṣàlàyé nǹkan kan. Kò sọ ìdí tí Nettie fi kú. Àdúrà ẹni tó ti rẹ̀ ni, tí kò lè dá rìn mọ́, tí ó wá ń wá ọwọ́ tí yóò di òun mú. Frye ni ó kọ́kọ́ kọ ọ́ fún ìjọ ní Ebenezer, tí Dorsey sì tẹ dùùrù sí i. Àwọn tó wà níbẹ̀ kò lè jókòó. Nínú ìjọ wo ni kò ti sí opó, àti ìyá tí ọmọ kú mọ́ lọ́wọ́? Wọ́n mọ̀ pé ẹni tí ń tẹ dùùrù yìí mọ ibi tí bàtà ti ń ta àwọn lẹ́sẹ̀.

KÍ WÁ NI ÌTUMỌ̀ RẸ̀?

Ibí yìí ni a fẹ́ kí gbogbo wa farabalẹ̀ sí. Àwọn bàbá wa máa ń pa á lówe pé ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Òwe náà dára. Ṣùgbọ́n ìyàwó kì í ṣe ilé tí a ó wó, tí a ó sì tún un kọ́. Àwa kò ní jẹ́ sọ pé Ọlọ́run pa Nettie kí orin lè jáde. Bí a bá sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, a kò tù ú nínú, ńṣe ni a fi iyọ̀ sójú egbò. Bí wọ́n bá ní kí Dorsey yan ọ̀kan nínú ìyàwó rẹ̀ àti orin náà, ta ni kò mọ èyí tí yóò yàn?

Ohun tí a rí nínú ìtàn náà ni pé láburú kò mú ìtumọ̀ tirẹ̀ wá lọ́wọ́. Dorsey kò rí ìtumọ̀ kankan nínú wáyà tí wọ́n mú wá fún un. Ìtumọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ tí ó gbé ìbànújẹ́ rẹ̀ lọ sídìí dùùrù, tí ó sọ ọ́ di ohun tí ẹlòmíràn lè fi gbàdúrà. Ó dé ìdí iṣẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú ẹkún lójú, kò dúró de ìgbà tí ẹkún yóò gbẹ.

Ẹ tún wo èyí: ọwọ́ blues tí wọ́n torí rẹ̀ lé e jáde nínú ṣọ́ọ̀ṣì, òun náà ni ó wúlò jù lọ ní ọjọ́ ìpọ́njú rẹ̀. Ibẹ̀ ni ó ti kọ́ bí a ti ń fi orin sunkún láìfi bò. Àwọn orin ńlá tí wọ́n ń kọ nígbà náà dùn, ṣùgbọ́n àyè ẹkún kò tó nínú wọn.

IṢẸ́ TÍ Ó ṢE LẸ́YÌN NÁÀ

Dorsey kò padà sídìí orin ayé mọ́. Ó darí orin ní ìjọ Pilgrim fún ohun tó lé ní 40 ọdún. Ní ọdún 1932 yẹn náà, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ fún àwọn akọrin ìhìnrere, èyí tó di àpérò ńlá fún gbogbo Amẹ́ríkà, tí àwọn akọrin láti ìlú oríṣiríṣi fi ń pàdé lọ́dọọdún láti kọ́ orin. Òun ni ààrẹ wọn fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún. Ó dá ilé ìtẹ̀wé orin tirẹ̀ sílẹ̀, kí àwọn ìjọ lè rí orin rà. Kò mọ̀ nípa ìṣirò owó. Arábìnrin Sallie Martin ló bá a tún ìwé owó rẹ̀ ṣe, tí òwò náà fi dúró. Ẹ kò rí i pé iṣẹ́ orin náà nílò akọ̀wé owó, kì í ṣe ohùn dídùn nìkan. Ó bá Mahalia Jackson rìn káàkiri nígbà tí ayé kò tíì mọ obìnrin náà, tí ó ń tẹ dùùrù fún un.

Ní 1937 ó kọ Peace in the Valley, nígbà tí ogun ń rú ní Yúróòpù. Orin náà dé ọ̀dọ̀ àwọn aláwọ̀ funfun pẹ̀lú. Red Foley kọ ọ́ sínú àwo ní 1951, Elvis Presley náà sì kọ ọ́ ní 1957. Ní 1941, Dorsey gbé Kathryn Mosley níyàwó, Olúwa sì fi ọmọ dá wọn lọ́lá.

Ní ti orin tí ó jáde nínú ẹkún, ó rìn ju ẹni tí ó kọ ọ́ lọ. Martin Luther King, ajàfẹ́tọ̀ọ́ àwọn ènìyàn dúdú, fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀. Ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹrin ọdún 1968, ní Memphis, ó ń bá olórin kan, Ben Branch, sọ̀rọ̀ pé kó tẹ orin náà fún ìpàdé alẹ́ ọjọ́ yẹn. Ìṣẹ́jú díẹ̀ lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yìí ni wọ́n yìnbọn pa á. Mahalia Jackson ni ó kọ orin náà níbi ìsìnkú rẹ̀ ní Atlanta, ìlú tí Dorsey ti ta mínírà nígbà èwe. Ọdún 36 ni ó wà láàárín pósí Nettie àti pósí King.

ÌKẸYÌN RẸ̀

Thomas Andrew Dorsey sùn nínú Olúwa ní Chicago ní ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù kìíní ọdún 1993, ó sì jẹ́ ẹni ọdún 93. Àìsàn ìgbàgbé ti ń bá a jà ní ọdún díẹ̀ kẹ́yìn. Ní ọjọ́ kẹfà oṣù kìíní ọdún 2006, iná jó ilé ìsìn ìjọ Pilgrim níbi tí wọ́n ti ń tún òrùlé ṣe. Púpọ̀ nínú ìwé orin tí Dorsey fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ni ó jóná níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn ti mọ orin náà sórí.

Ẹ̀KỌ́ FÚN WA

Èkíní, bí láburú bá ṣẹlẹ̀ sí ọ̀gá akọrin wa, ẹ má fi ipá mú un síwájú ìjọ ní ọjọ́ Ìsinmi kejì pé iṣẹ́ Olúwa kò gbọdọ̀ dúró. Kí igbákejì rẹ̀ dá orin. Kí ìjọ jẹ́ kó sunkún tó.

Èkejì, kí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ má fi í sílẹ̀ nílé ní òun nìkan. Ọ̀rẹ́ Dorsey kò mọ ọ̀rọ̀ tí yóò sọ, ṣùgbọ́n ó mọ ibi tí dùùrù wà. Irú ọ̀rẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n.

Ẹ̀kẹta, ẹ má dá ẹni tí ó ń bínú sí Ọlọ́run lẹ́bi kíákíá. Jóòbù bínú, ó sì sọ ọ́ síta. Síbẹ̀ Ọlọ́run kò kọ̀ ọ́. Ẹni tí ó ń bá Ọlọ́run jà kò tíì fi Í sílẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, ẹ̀yin akọrin kékeré tí orin yín dàrú lọ́dún tó kọjá, tí àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín, tí ẹ ti ní ẹ kò ní wọ aṣọ kúáyà mọ́: ọkùnrin yìí fi 500 ẹ̀dà orin rẹ̀ ránṣẹ́, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ọdún mẹ́ta kí ìdáhùn kan tó dé. Ẹ padà wá síbi ìdánrawò. A ń retí yín.

Kí Olúwa tu gbogbo ẹni tí ń fi omijé kọrin láàárín wa nínú. Kí Ó má jẹ́ kí a gba irú wáyà bẹ́ẹ̀ ní orúkọ Jésù. Bí ọjọ́ ìpọ́njú bá sì dé, kí Ó jẹ́ kí a rí ọ̀rẹ́ tí yóò mú wa dé ìdí dùùrù. Ẹ kú àjọ̀dún o, ẹ ó ṣe púpọ̀ rẹ̀ láyé. Àmín.